Dókítà Ẹ-Jókòó, Ẹni Tí Kò Kẹ́kọ̀ọ́ Tán

Yàrá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù atúnagogoṣe kan ni wọ́n bí ìyá rere tí ó kó gbogbo yín jọ lónìí sí, ní oṣù kẹta ọdún 1946. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni bàbá yìí, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fi òòlù ńlá àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, ó gba irin tín-ín-rín mú. Àwọn ẹbí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irin ìdílé ti kéré débi pé awò ni wọ́n fi ń wá a. Olùkọ́ jẹ́léósinmi ni ìyá rẹ̀, obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ tí ọmọ kankan kì í dúró kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbọ́ràn. Olóògbé ni ọmọ kejì, òun sì ni obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin mẹ́ta.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ fèrèsé, àga ìdúródè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, gbogbo ara ògiri sì ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bí olóògbé bá ti ilé ìwé dé, ìdí bẹ́ǹṣì ni ó máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó gbé agogo wá kì í bá bàbá òun sọ̀rọ̀ agogo pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni, ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó lọ tí kò padà ni. Bàbá kì í gbé orí sókè, torí náà ni ẹnu fi ń yá wọn. Nígbà tí olóògbé di àgbà, ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wo ẹnikẹ́ni lójú ni òun ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tí òun ń ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, ó wọ ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní 1959, ó sì wọ yunifásítì ní 1966. Gbogbo ẹbí ti gbà pé iṣẹ́ dókítà tàbí ti agbẹjọ́rò ni yóò kọ́. Nígbà tí ó wálé fún ìsinmi àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pè é síwájú gbogbo ilé.

"Kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ gan-an?"

"Saikọ́lọ́jì ni, Bàbá Àgbà. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà àwa èèyàn."

"Ó dáa. Kí ni mò ń rò báyìí?"

"Ẹ ń rò pé bàbá mi ń fi owó ṣòfò."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n má ṣe ro ìròkurò bí ọmọ yẹn bá wà nílé.

Ní ọdún 1970, ó gba iṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kan, ní ẹ̀ka àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ìpẹ̀kun ọgbà ni ẹ̀ka náà wà, lẹ́yìn ibi ìfọṣọ, bí ẹni pé wọ́n ń fi í pamọ́. Tábìlì fífẹ̀ kan wà nínú yàrá tí wọ́n fún un, àga kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláìsàn kò ní àga. Ìdúró ni wọ́n máa ń dúró bí ẹni tí ó wá jẹ́jọ́. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga wọlé, ó sọ fún obìnrin tí ó dúró níwájú rẹ̀ pé, "Ẹ jókòó." Ọ̀gá dókítà kọjá, ó yọjú.

"Kí ni àga yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá wà lórí ìdúró kì í sọ̀rọ̀ dé ìdí, sà. Ojú ọ̀nà ló máa ń wò."

Ọ̀gá dókítà bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àga ti wà ní gbogbo yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àwọn aláìsàn sì ti sọ ọ́ ní Dókítà Ẹ-Jókòó. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí ó wà nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yìí náà ni ó bá a wá ọkọ. Ó gbé àwọn ìbéèrè tí ó fẹ́ máa fi yẹ àwọn aláìsàn wò lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan, ọ̀dọ́kùnrin tí ìka rẹ̀ dúdú nítorí tàdáwà ìtẹ̀wé. Nígbà tí ó padà lọ gbé e, ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Bí mo ṣe ń tò ó ni mo ń dáhùn ẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé orí mi pé?" Olóògbé yẹ ìwé náà wò. "Orí yín pé. Àmọ́ níbi tí mo kọ 'ìbànújẹ́' sí, 'ìbàdíjẹ́' lẹ tẹ̀." Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, kí ó ṣáà padà wá. Ó padà lọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 1972, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tí ó bá wọ ilé wọn nígbà náà yóò rántí òórùn tàdáwà nínú aṣọ bàbá, àti tábìlì oúnjẹ tí ìwé ìyá gba ìdajì rẹ̀. Orí tábìlì yẹn ni ó ti kàwé gba oyè kejì ní 1976, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1984, pẹ̀lú ọmọ kékeré lẹ́yìn àti ìkòkò lórí iná. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé oúnjẹ tí ó jóná ní ọdún yẹn, wọn kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Onígbàgbọ́ òtítọ́ ni. Láti 1974 ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ ohùn kejì. Ó ní ìgbà kan tí àlùfáà ìjọ wàásù pé ẹni tí ìrònú bá ń bò mọ́lẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. Kò sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó dúró títí ìsìn fi parí, ó sì tọ àlùfáà lọ. "Bàbá, ẹni tí eyín bá ń dùn, ẹ máa ń gbàdúrà fún un, ẹ sì máa ń ní kó lọ rí oníṣègùn eyín. Kí ló dé tí ẹ fi ka eyín sí ju ọkàn lọ?" Àlùfáà ronú sí i. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ ìjọ ránṣẹ́ sí ọsibítù, a sì gbọ́ pé òun náà yọjú síbẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú.

Ohun tí ìdílé fẹ́ sọ báyìí, olóògbé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kì í mú ọ̀rọ̀ aláìsàn wálé. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn fúnra rẹ̀ ni ó wá kí àwọn ọmọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ó jókòó ní pálọ̀, tí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́ síbí.

Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni. Ní ọdún 1996, ẹnì kan já sójú irin níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó fun fèrè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró kó tó pa ẹni náà. Gbogbo ènìyàn ni ó sọ fún un pé kò jẹ̀bi, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oorun dá lójú rẹ̀, bí ó bá sì gbọ́ ìró fèrè láti òkèèrè, gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ni ó mú un wá sọ́dọ̀ Dókítà Ẹ-Jókòó. Nígbà yẹn, olóògbé ti di ọ̀gá àgbà ní ẹ̀ka náà, àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ sì ti tàn káàkiri. Ó tọ́jú ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nípa bàbá rẹ̀, nípa ìbẹ̀rù rẹ̀. Ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Awakọ̀ náà ní òun gbádùn ìjókòó náà, ṣùgbọ́n òun kò sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, olóògbé gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyí. Ohun tí mò ń ṣe fún yín dáa, àmọ́ kò tó. Àwọn kan ti rí ọ̀nà mìíràn tó ń ran irú yín lọ́wọ́, èmi ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Mo lè fi yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ibẹ̀ kàn jìn ni. Tàbí kí n lọ kọ́ ọ."

"Ta ló fẹ́ kọ́ ẹ̀yin?"

"Ọmọ tí mo kọ́ ni."

Awakọ̀ náà sọ fún ìdílé pé òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá kankan rí, ohun tí ó sì mú òun dúró dè é nìyẹn.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni olóògbé nígbà tí ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tí ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn, tí ó sì jókòó sínú kíláàsì láàárín àwọn tí ó lè bí. Ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ wọn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí ó rí ọ̀gá rẹ̀ ní ìjókòó iwájú, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olóògbé bá a mú un nílẹ̀. "Olùkọ́, ẹ má wojú mi o. Bí mo bá ṣì í, ẹ sọ fún mi." Olùkọ́ náà sì sọ fún un. Nígbà tí wọ́n ń fi ara wọn dánra wò, tí ẹnì kan ṣe bí aláìsàn tí olóògbé sì ń tọ́jú rẹ̀, olùkọ́ náà ní, "Mà, ẹ máa bínú o. Ẹ ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un kó tó sọ ọ́ tán."

Ó dùn ún. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yìn fún etí rẹ̀ ni wọ́n sọ fún pé kò gbọ́ràn. Ó tẹ ọkọ rẹ̀ láago nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Atẹ̀wé gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó wá purọ́ ni?" Olóògbé pa fóònù dé. Lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ jù nípa bàbá wọn, kò ṣáà sọ ohun tí ó fa ìrìn àjò náà rárá.

Nígbà tí ó padà, ó bá awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ó jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì tún jẹ́ kí ó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi dẹ́kun bíbù ú jẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn géètì, wọ́n sì padà. Nígbà mìíràn wọ́n dé ibi tí èrò máa ń dúró sí. Nígbà mìíràn wọ́n jókòó nínú ọkọ̀ tí kò rìn, olóògbé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tí ó ń lọ ìrìn àjò. Kò sọ fún un rí pé kó má bẹ̀rù. Ó kàn máa ń bi í léèrè pé, "Báwo ló ṣe pọ̀ tó báyìí?" wọn a sì dúró títí yóò fi rọlẹ̀.

Ní 1998, awakọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wakọ̀, ó rí Dókítà Ẹ-Jókòó tí ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má rò ó sí ara yín o," ni ó wí. "Àbúrò mi ni mo fẹ́ lọ kí." Ó wọ inú ọkọ̀, ó lọ títí dé òpin ọ̀nà. Awakọ̀ náà bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè ní pálọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀rín pa wọ́n nínú ọ̀fọ̀. Kò sí àbúrò ìyá wọn kankan tí ó gbé apá ibẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé wọ inú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2001, ẹgbẹ́ náà pàdé láti pinnu bóyá kí gbogbo wọn, àgbà àti ọ̀dọ́, máa gba ẹ̀kọ́ tuntun lọ́dọọdún kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ṣe. Àwọn àgbà kò fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jáde yunifásítì dìde. "Ṣé àwa tí irun wa ti funfun la tún fẹ́ lọ jókòó ní kíláàsì? Ìwé tí a kà kò tó ni?" Olóògbé dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí a gboyè, ṣé òun náà lẹ wọ̀ wá síbí?" Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ bàbá náà. Ó wá fi kún un pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú orí ènìyàn ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbá náà wọlé pẹ̀lú ìwọ̀nba ìbò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bínú, kò kí i fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni ó wá jókòó tì í. "Mo kàn wá wò ó bóyá wọ́n á kọ́ ọ dáadáa ni." Láti ìgbà náà, wọn kò pa kíláàsì kan jẹ.

Láti 2002 ni àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan lóṣooṣù. Ẹni tí iṣẹ́ bá ta kókó fún á gbé e wá láìdárúkọ aláìsàn, wọn á sì jọ tú u. Ẹni tí ó kéré jù ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí olóògbé ní bí àgbà bá ti la ẹnu, ọmọdé á gbé tirẹ̀ mì. Tíì ń hó, bisikíìtì ń lọ, ẹ̀rín ń sọ, ẹkún náà a sì máa wà. Ìpàdé yẹn ṣì ń lọ dòní.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2006, ó sì ṣí yàrá méjì sí iwájú ilé ìtẹ̀wé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ re ibi àgbà ń rè ní 2011, ó ti yàrá náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ jókòó níwájú oníṣẹ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí aláìsàn. Kò fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. "Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Ní 2020, nígbà tí àrùn sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, àbíkẹ́yìn rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà rí aláìsàn. Ó kọ́kọ́ ṣàwáwí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú inú dígí kì í ṣe ojú. Ó kọ́ ọ náà ṣá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aláìsàn rẹ̀ ní, "Dókítà, irun yín nìkan ni mò ń rí." Ó ní, "Kò burú, etí mi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀."

Ní 2021, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i pé ìrántí òun ti ń jò. Ó bi aláìsàn kan ní ìbéèrè tí ó ti bi í tẹ́lẹ̀, ó sì rí i lójú ẹni náà. Kò ṣe àwáwí fún ẹnikẹ́ni, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun. Ó pe ọmọbìnrin tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀. "Wá yẹ̀ mí wò. Má lo àwọn ìbéèrè àtijọ́ o, mo mọ̀ wọ́n sórí, mo lè fi wọ́n tan ìwọ àti ara mi jẹ. Lo èyí tó dé lẹ́yìn mi." Ọmọbìnrin náà gbé tuntun wá. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ láìsọ èsì rẹ̀. Olóògbé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ." Ó sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn rẹ̀ lé àwọn oníṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mú wọn mọ ara wọn fúnra rẹ̀, títí yàrá fi ṣófo.

Orúkọ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan kò lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí ìyá rẹ̀ máa ń pè ní Àpáta, wá jókòó tì í ní ọ̀sán kan nínú oṣù tí ó lò kẹ́yìn láyé. Ilé rẹ̀ ti tú lọ́dún yẹn, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá. Kò dá a lójú pé ìyá rẹ̀ mọ ẹni tí òun jẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó dúró lágbedeméjì, tí ẹkún gba ẹnu rẹ̀, ìyá náà yí àga rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Kò sí ìkánjú. Mò ń gbọ́." Àpáta sọ ọ́ tán.

Ìyá rere yìí sùn nínú Olúwa ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé: agbẹjọ́rò, ẹnjiníà, àti olùkọ́. Ó fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ó fi àbúrò méjì, ìyàwó àbúrò, àna, àti àwọn oníṣẹ́ púpọ̀ tí ó tọ́ sílẹ̀.

Màmá, kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ tí ẹ kò sọ gba ẹrù náà lọ́wọ́ yín. Kí àwọn tí ẹ kọ́ kọjá ibi tí ẹ dé. Kí ẹ bá atẹ̀wé yín lójú ọ̀nà, kí ó ti fọ ọwọ́ tàdáwà dè yín. Ẹ ti gbọ́ tiwa tó, Màmá. Ẹ sùn re o.